Ìlà Méjì Lójú Dìrẹ́tọ̀

Ọkùnrin kan wà ní Niamey, ní ọdún kejì tí àwọn Faransé ká àsíá wọn nílẹ̀, tí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ gùn ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ. Boubacar ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìjọba fi "Dìrẹ́tọ̀ Iṣẹ́ Ọnà" kún un, ibẹ̀ ni ì bá sì dúró sí, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ nínú àwo. Kó tó pé ọdún kan, orúkọ náà ti di Dìrẹ́tọ̀ Àgbà fún Iṣẹ́ Ọnà, Àwòrán, Àyẹyẹ, àti Ohun Gbogbo Tó Bá Ṣeé Wò. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó ní bí òun kò bá fi ìparí yẹn sí i, ẹnì kan lè gba ibẹ̀ wọlé wá jókòó ti òun.

Sùlù, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ló gbọ́dọ̀ ka orúkọ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí àlejò tó wọlé. Bó bá fo ọ̀rọ̀ kan, àlejò á padà síta, wọn á sì tún un bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọkùnrin kan sáré wá láàárọ̀ ọjọ́ kan láti sọ pé iná ń jó àká ìjọba. Nígbà tí Sùlù fi máa ka orúkọ tán, iná ti jó tán. Ọkùnrin náà kí Dìrẹ́tọ̀ pé ẹ kú iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nínú ọ́fíìsì ni Àbdùlkàdírì wà, akọ̀wé tó ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí Dìrẹ́tọ̀ ń sọ níta. Àbdùlkàdírì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá fẹ́ dápàárá, ó ti máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá tó dé ibi ẹ̀rín, kí ẹlòmíràn má baà ṣáájú rẹ̀. Bí ọ̀gá bá sín, òun ló ń nu imú.

Iwájú àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n pe Gàníyù sí.

Afíngbá ni Gàníyù, ọmọ Ọ̀yọ́, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlógún ní Niamey. Igbá ló kọ́kọ́ ń fín, àwọn obìnrin Zarma fẹ́ràn igbá rẹ̀ fún wàrà. Nígbà tó yá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ ní kó máa gbẹ́ òǹtẹ̀ igi fún àwọn, èyí tí wọ́n ń rì bọ tàdáwà láti fi lu àmì oníkálùkù sára ẹrù. Báyìí ló ṣe di ẹni tó mọ bí igi ṣe ń fi ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sára nǹkan. Abẹ́ àtíbàbà kan ní àdúgbò Lazaret ló ti ń ṣiṣẹ́, òun àti oníṣẹ́ awọ kan àti alágbẹ̀dẹ kan.

Àtíbàbà yìí ló gbé e wá sí ọ́fíìsì. Ìkéde kan ti jáde pé gbogbo àtíbàbà tí Dìrẹ́tọ̀ kò bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, katapílà yóò wó o lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì ìpàtẹ àwòrán ńlá tó ń bọ̀, wọn yóò sì kọ́ Ààfin Iṣẹ́ Ọnà síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: wọ́n fẹ́ lé àwọn oníṣẹ́ ọnà kúrò kí wọ́n lè rí ibi kọ́ ààfin fún iṣẹ́ ọnà. Símẹ́ńtì ààfin náà tilẹ̀ ti dé. Ó gba ọ̀nà Koira Kano lọ, níbi tí Dìrẹ́tọ̀ ti ń kọ́ ilé, kò sì tíì padà.

Bí àtíbàbà bá lọ, Gàníyù kò ní ibòmíràn. Á di ọ̀bẹ rẹ̀ sínú àpò, á padà sí Ọ̀yọ́ bó ṣe kúrò níbẹ̀, àyàfi pé irun rẹ̀ ti funfun.

Háúsá ni wọ́n fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Gàníyù na ìwé rẹ̀. Dìrẹ́tọ̀ kò wò ó. Ó ní òun gbọ́ pé ó mọ igi gbẹ́. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè ayé ń fi àwòrán tí wọ́n fi igi tẹ̀ ránṣẹ́ sí òun fún ìpàtẹ, tuntun àti àtijọ́, kò sì bójú mu kí ojú gbogbo ayé pé síbẹ̀ kí ti òun má sí níbẹ̀.

"Gbẹ́ mi," ni Dìrẹ́tọ̀ wí. "Lẹ́yìn náà a ó sọ̀rọ̀ ìwé."

Oṣù méjì ni Gàníyù fi gbẹ́ ẹ, sára pákó ọ̀gànwó kan tó fẹ̀ tó atẹ. Ẹni tó ń fín igbá máa ń rí nǹkan kéékèèké. Ó rí i pé ojú òsì Dìrẹ́tọ̀ kéré ju tọ̀tún lọ. Ó rí i pé bó bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀-èdè, ìka rẹ̀ á máa ti orí bọ́tìnì kan bọ́ sórí òmíràn láti ọrùn wálẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá wọ́n pé. Gàníyù kò gbẹ́ ìyẹn. Ohun tí wọ́n ní kó gbẹ́ ló gbẹ́. Dìrẹ́tọ̀ ní kó gbé iwájú orí sókè, nítorí ibẹ̀ ni ọpọlọ wà. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní kó tún gbé e sókè. Nígbà tí iwájú orí fi máa tó o, kò sí àyè fún fìlà mọ́ lórí pákó, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ fìlà náà sí òun lọ́wọ́. Àbdùlkàdírì ní òun kò tíì rí fìlà tó bá ọwọ́ èèyàn mu tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí Gàníyù bá ti délé, Mọ́rìlíátù ìyàwó rẹ̀ á bi í bóyá ọkùnrin náà ti fọwọ́ sí i. Gàníyù á ní ó kù díẹ̀.

"Bàbá Ràódátù," ni Mọ́rìlíátù wí lọ́jọ́ kan, "díẹ̀ yín yìí ń ga sí i bí iwájú orí rẹ̀."

Àwọn àwòrán wá dé nínú àpótí. Gàníyù ni wọ́n pè láti bá wọn tú u, nítorí kò sí ẹlòmíràn nínú ọ́fíìsì Ohun Gbogbo Tó Bá Ṣeé Wò tó mọ bí a ṣe ń wo nǹkan. Ẹlẹ́ṣin kan wà láti ilẹ̀ Jámánì tí wọ́n ti gbẹ́ láti irínwó ọdún. Obìnrin kan wà láti Japan tó ń ya irun rẹ̀. Àwọ̀ mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀, pákó mẹ́jọ ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan lórí èkejì, láìsí èyí tó yẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀kùn wà láti Ṣáínà, irùngbọ̀n wọn pupa. Láti Íjíbítì, ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, àdúrà tí ẹnì kan fi igi tẹ̀ láti ṣe tírà sọ́rùn, ní bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Gàníyù pẹ́ níwájú ẹlẹ́ṣin. Ó rí ibi tí ọ̀bẹ ti yọ̀ mọ́ agbẹ́gi náà lọ́wọ́, lẹ́bàá ẹsẹ̀ ẹṣin, tó sì yára sọ àṣìṣe náà di koríko. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Òun náà ti sọ àṣìṣe di koríko rí lára igbá. Irínwó ọdún àti òkun àti aṣálẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì, síbẹ̀ àṣírí náà kò pamọ́ fún un.

Dìrẹ́tọ̀ náà wò wọ́n. Ó bèèrè èyí tó tóbi jù. Wọ́n fi hàn án, ó rí i pé ó fi ìka méjì ju tòun lọ, ó ní kí wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní tírà Íjíbítì kéré jù, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n bá òun bèèrè ńlá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣòfin: àwòrán òun ni yóò wà láàárín ògiri, gbogbo àwòrán tó bá ní ojú gbọ́dọ̀ kọjú sí i. Àwọn tó ń wo ọ̀tún lọ sí òsì, àwọn tó ń wo òsì lọ sí ọ̀tún. Ó wá ku obìnrin Japan. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni àyè ṣẹ́ kù sí, ọ̀tún náà ló sì ń wò, ó kẹ́yìn sí Dìrẹ́tọ̀ pátápátá. Wọ́n ṣèpàdé lé e lórí láti àárọ̀ títí wọ́n fi kírun àìlà. Àbdùlkàdírì ló rí ọ̀nà. Wọ́n dorí obìnrin náà kodò, imú rẹ̀ sì kọjú síbi tó yẹ. Ó ń ya irun tó ń ṣàn lọ sókè.

"Ó túbọ̀ ń bọ̀wọ̀ fúnni báyìí," ni Dìrẹ́tọ̀ wí.

Ìwé pẹlẹbẹ kan ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó bá àpótí Paris dé, Àbdùlkàdírì sì kà á sókè. Ìwé náà ní àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí kì í tẹ àwòrán wọn láìníye. Wọ́n á dá iye kan, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà wọ́n á fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì gba ojú pákó kọjá, láti igun dé igun, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi í tẹ àwòrán tó dára mọ́. Wọ́n á wá tẹ ẹyọ kan láti ara pákó tí wọ́n ti fàlà sí náà, kó jẹ́ ẹ̀rí pé ó ti kú lóòótọ́.

Dìrẹ́tọ̀ dìde dúró. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí òmùgọ̀ bá ń sọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìgbà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni kí ẹ wá ibi sá sí. Ó ní kí Gàníyù tẹ ọgbọ̀n, ẹyọ kan fún ọ́fíìsì ìjọba kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo wọn sì ní nọ́ńbà kìíní, nítorí òun kì í ṣe ìkejì ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà kó fàlà sí pákó. Kó tẹ ẹ̀rí, kí wọ́n gbé ẹ̀rí náà kọ́ ẹnu ọ̀nà ìpàtẹ dípò àárín ògiri, níbi tí ayé ti máa kọ́kọ́ rí i.

Gàníyù kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀, àmọ́ lọ́jọ́ náà ó sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ojú yín mà ni."

"Ojú mi ni," ni Dìrẹ́tọ̀ dáhùn. "Pa á. Mi ò fẹ́ kí ojú mi di ohun tí wọ́n ń rí káàkiri ọjà."

Gàníyù bèèrè ìwé àtíbàbà. Wọ́n ní kó kọ́kọ́ pa á ná.

Ó tẹ ọgbọ̀n, ó sì pa pákó. Ó fọwọ́ pa á lára díẹ̀ kó tó gbé ọ̀bẹ lé e, nítorí ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ojú ọkùnrin náà ló fẹ́ràn, etí rẹ̀ ni. Ó gbẹ́ etí náà bó ti yẹ kí wọ́n gbẹ́ etí. Ìlà àkọ́kọ́ gba orí etí kọjá.

Ó yẹ kí páálí kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀rí náà láti ṣàlàyé ohun tí ìlà méjì náà túmọ̀ sí. Dìrẹ́tọ̀ ń sọ, Àbdùlkàdírì ń kọ. Wọ́n kọ orúkọ. Wọ́n kọ oyè títí dé Ohun Gbogbo Tó Bá Ṣeé Wò. Wọ́n kọ ọdún tó gun àga, wọ́n sì kọ ọdún tí wọ́n pa pákó, 1960 sí 1962, páálí bá tán. Àlàyé kò rí àyè. Dìrẹ́tọ̀ ní ẹni tó bá ní làákàyè, á yé e. Ó wọ mọ́tò lọ sí Tillabéri láti lọ kó ogójì ẹlẹ́ṣin wá, nítorí ó ní ẹlẹ́ṣin Jámánì kan ṣoṣo kò tó láti kí òun.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n gbé ẹ̀rí kọ́. Niamey sì kà á. Ojú ọkùnrin kan, ìlà méjì láti igun dé igun, ọdún tó dé, ọdún tó lọ. Kí lẹ̀yin ìbá rò? Ìjọba ṣì tuntun nígbà náà. Àwọn èèyàn ń gun àga, wọ́n ń bọ́ sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ fúnni ṣáájú. Ògiri ni wọ́n ń kà. Kó tó di ọ̀sán ó ti dé Banifandou pé Boubacar ti lọ. Kí wọ́n tó kírun àṣáárì ó ti dé Lazaret, pẹ̀lú ìdí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí wọ́n fi lé e.

Gàníyù ní òun lòun fa ìlà yẹn, Dìrẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí òun fà á. Oníṣẹ́ awọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó tàánútàánú.

"Gàníyù," ó ní, "ta ló máa ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ ya òun lójú?"

Òtítọ́ náà kò jọ òtítọ́.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọgbọ̀n àwòrán ti bọ́ lára ògiri ọgbọ̀n ọ́fíìsì. Ẹni tó bá pẹ́ kó tó sọ tirẹ̀ kalẹ̀, wọ́n á wò ó bí ọ̀rẹ́ ọ̀tá. Lẹ́yìn náà ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ Mínísítà. Gbogbo rẹ̀ ló ní omijé ní ìlà àkọ́kọ́. Ẹni tó ti ń kígbe "kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn" kọ̀wé pé ó ti pẹ́ tí inú òun ti ń bàjẹ́. Àbdùlkàdírì ńkọ́? Òun ló kọ páálí, ó mọ̀ pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé gbogbo ìlú ti gbà á gbọ́, ẹ̀rù bà á kí òun má lọ jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ó jókòó, ó kọ ojú ewé mẹ́sàn-án nípa símẹ́ńtì, ó sì ya àwòrán ọ̀nà Koira Kano sí i kí ẹni tó bá ń lọ má baà ṣìnà.

Mínísítà, tí kò ronú kan Boubacar láti ọjọ́ tó ti fi í jẹ oyè, rí ìwé mẹ́tàlélógún lórí tábìlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rán èèyàn lọ wo Koira Kano. Símẹ́ńtì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti di yàrá mọ́kànlá.

Ọjọ́rú ni Dìrẹ́tọ̀ dé láti Tillabéri. Kò sẹ́ni tó pàdé rẹ̀ lọ́nà. Ó sọ fún awakọ̀ rẹ̀ pé àwọn èèyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù òun bó ṣe yẹ.

Lówùúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, Mọ́rìlíátù ti ń kó ìkòkò jọ. Ó ní ẹni tó ti ṣubú kò lè fọwọ́ sí ìwé, ó sàn kí wọ́n di ẹrù kí katapílà tó dé.

"Kò tíì ṣubú," ni Gàníyù wí. "Èmi ni mo fàlà sí i lójú, èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Ẹ wò ó báyìí: nínú gbogbo Niamey, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó gbà pé Boubacar ni Dìrẹ́tọ̀, ìyẹn ẹni tó fi ọ̀bẹ pa á. Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Sùlù jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ obì. Kò dìde. "Boubacar wà nínú ilé," ó ní, ìyẹn sì ni gbogbo oyè tó kà.

Dìrẹ́tọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí ohunkóhun lórí tábìlì tó máa fi kọ. Láti àná, kò sẹ́ni tó gbé ìwé kankan wá fún un. Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì kẹta, kò lọ sókè, kò wá sísàlẹ̀.

"Ta ló rán ọ wá?" ó bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, ọ̀gá. Ìwé àtíbàbà ni mo mú wá fún yín."

Ọkùnrin náà wo ìwé náà bí arìnrìn-àjò tó rí kànga. Ó kà á láti òkè dé ilẹ̀, ohun tí kò ṣe fún ìwé kankan rí. Ó fọwọ́ sí i. Ó kọ oyè rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ó lu òǹtẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kọ ọjọ́, ó wo aago, ó kọ àkókò pẹ̀lú: aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè.

"Ṣé o ní òmíràn?"

Gàníyù kò ní òmíràn. Ẹ lè rò pé inú rẹ̀ dùn jáde níbẹ̀. Lóòótọ́ ni, àmọ́ ó dùn ún díẹ̀ pé kò mú méjì wá.

Ní aago mọ́kànlá, lẹ́tà Mínísítà dé. Sùlù mú un wọlé láìkan ilẹ̀kùn.

Mínísítà fúnra rẹ̀ ló ṣí ìpàtẹ lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀. Ogójì ẹlẹ́ṣin Tillabéri wá, nítorí kò sẹ́ni tó rántí sọ fún wọn pé kí wọ́n má wá mọ́. Wọ́n wá ẹni tó pè wọ́n títí, wọ́n rí i lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìlà méjì, wọ́n sì fi gbogbo ọ̀kọ̀ wọn kí i. Àlejò kan láti Japan dúró níwájú obìnrin tó dorí kodò, ó tẹ ọrùn sápá kan, ó sọ kiní kan lábẹ́ èémí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà.

Katapílà dé Lazaret ní Sátidé. Àbdùlkàdírì ló tẹ̀ lé e wá, nítorí òun ni wọ́n fi dípò Dìrẹ́tọ̀ fúngbà díẹ̀, ó sì ti ń fọwọ́ kan bọ́tìnì ara rẹ̀. Gàníyù na ìwé. Àbdùlkàdírì ní ọwọ́ ẹni tí wọ́n ti lé kì í ṣe ọwọ́. Awakọ̀ katapílà, ará Dosso kan tí kì í kánjú, gba ìwé náà, ó sì ka nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìka.

"Mẹ́wàá ku ogún," ó ní. "Rédíò ní mọ́kànlá ni wọ́n lé e. Tèmi ni pé kí n wó èyí tí kò ní òǹtẹ̀. Èyí ní mẹ́ta." Ó fi ẹ̀yìn wa katapílà padà.

Báyìí ni ohun tó wúlò jù tí Boubacar ṣe lórí àga ṣe jẹ́ ohun ìkẹyìn.

Àwọn ọgbọ̀n àwòrán náà ńkọ́? Àwọn ọ́fíìsì kó férémù pamọ́ fún ẹni tó ń bọ̀, wọ́n da ìwé inú rẹ̀ nù, àwọn tó ń ta obì sì rí nǹkan fi dì í. Iwájú orí Dìrẹ́tọ̀ gba obì márùn-ún dáadáa. Nígbà tí ìpàtẹ parí tí kò sẹ́ni tó bèèrè ẹ̀rí ẹnu ọ̀nà, Gàníyù ká a wálé, ó so ó mọ́ òpó àtíbàbà, nítorí apá ìsàlẹ̀ etí náà ṣì hàn.

Boubacar bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Gàníyù á fún un ní àpótí ìjókòó, á ṣì máa pè é ní ọ̀gá. Boubacar á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí ìwé yẹn. Á ka oyè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á dá a padà, nítorí ìwé yẹn nìkan ni ohun tí ó fọwọ́ sí tó ṣì ní agbára ní gbogbo Niamey.

Lọ́jọ́ kan ó gbójú sókè wo ara rẹ̀ lórí òpó. Ó wo ìlà kan, ó wo èkejì.

"Mélòó ló kù nínú ọgbọ̀n yẹn?" ó bèèrè.

Gàníyù rántí obì. Ó rò ó, kò rí irọ́ tó dára. "Kò sí, ọ̀gá. Èyí nìkan ló kù."

Oníṣẹ́ awọ dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ọrùn ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í nà, ìka rẹ̀ sì gun bọ́tìnì òkè.

"Ẹyọ kan ṣoṣo ní gbogbo ayé," ni Boubacar wí. "Mo sọ fún wọn pé kò gbọdọ̀ pọ̀."